Ọ̀gá Ara Ẹni, Ta Ló Máa San Owó Ọsíbítù Yín? Ọ̀nà Márùn-ún Tí Ẹ Lè Gbà Ní Adójútòfò Ìlera

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé kámẹ́rà mi lọ tà. Ẹni tó rà á rí i pé ojú ń kán wa, ìdajì owó tí mo fi rà á ló san. Ẹ̀gbọ́n mi ò lè bá a nájà títí. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsíbítù ni mo wà, wọ́n sì ti sọ pé bí dípósíìtì ò bá tíì wọlé, àwọn ò ní gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Àpẹ́ńdíìsì ni. Inú ti ń run mí láti alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, mo ṣebí ẹ̀wà àgànyìn tí mo jẹ ni.

Oṣù mọ́kànlá ṣáájú ìgbà yẹn ni mo fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ láti máa ṣe iṣẹ́ ìròyìn tara mi. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n fún wa ní káàdì HMO. Ọjọ́ tí mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ni káàdì náà kú, mi ò sì rántí rẹ̀ rárá. Mo ro owó dátà, mo ro owó iná, mo ro owó ilé. Mi ò ro ara mi.

₦380,000 ni gbogbo rẹ̀ já sí. Oṣù méje ni mo fi ń tọrọ kámẹ́rà ọlọ́kàámẹ́rà ṣiṣẹ́ kí n tó ra òmíì.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ránṣọ, tẹ́ ẹ̀ ń ṣe irun, tẹ́ ẹ̀ ń wa Bolt, tẹ́ ẹ̀ ń ta ọjà lórí Instagram, tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún oníbàárà òkè òkun, ọ̀rọ̀ yín ni. Ẹ̀yin lọ̀gá, torí náà kò sí ọ̀gá kankan tó máa bá yín san án. Ẹ fi í pamọ́, ẹ ó tún padà wá kà á.

KÍ NI ADÓJÚTÒFÒ ÌLERA GAN-AN?

Àwọn ìyá wa mọ ohun tó jọ ọ́. Bí ogún èèyàn bá ń dá èsúsú, kálukú á san iye kan lóṣù, ẹni tó bá kàn á sì kó o. Adójútòfò ìlera dà bí èsúsú tó jẹ́ pé àìsàn ló ń sọ ẹni tó kàn. Gbogbo wa la ń dá owó, ẹni tí ara rẹ̀ ò yá ló ń jẹ ẹ́.

Ibi tó ti yàtọ̀ ni pé bí ara yín bá le látọdún dé ọdún, ẹ ò ní kó nǹkan kan. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bínú. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣe irun ládùúgbò mi sọ fún mi pé, "Bùọ̀dá, odindi ọdún ni mo san, mi ò lọ ọsíbítù lẹ́ẹ̀kan. Owó mi ti wọgbó." Mo ní kò wọgbó o. Ó ti bá ẹnì kan gbẹ̀bí lọ́dún yẹn. Bó bá kan tiẹ̀, owó ẹlòmíì á bá òun náà gbẹ̀bí. HMO kì í ṣe alájọ Ṣómólú tó ń bá èèyàn tọ́jú owó pé kó padà wá gbà á lópin oṣù.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wa ni pé, ní Nàìjíríà, ó ju ₦70 lọ nínú gbogbo ₦100 tí wọ́n ń ná sórí ìtọ́jú tó ń jáde látinú àpò aláìsàn àtàwọn ẹbí rẹ̀. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, àìsàn ọjọ́ mẹ́ta lè ba òwò ọdún mẹ́ta jẹ́. Tèmi, kámẹ́rà ni. Tẹlòmíì, ẹ̀rọ ìránṣọ ni, tàbí owó ọjà.

KÍ NI ÒFIN SỌ?

Ètò adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀, NHIS, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló jàǹfààní rẹ̀ jù. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, buwọ́ lu òfin tuntun tó sọ NHIS di NHIA. Òfin náà ní dandan ni kí gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà ní adójútòfò ìlera, títí kan àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ara wa. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Gómìnà Babajide Sanwo-Olu náà pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ní Èkó.

Mi ò tíì rí ọlọ́pàá tó dá ẹnikẹ́ni dúró pé kó mú káàdì ìlera rẹ̀ wá. Àmọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn: bí òwò yín bá ti ń gbèrú, tí ẹ sì ti ní òṣìṣẹ́ márùn-ún, òfin náà ti kà yín mọ́ àwọn agbanisíṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ ṣe é fún òṣìṣẹ́ wọn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà tó wà.

1. ÈTÒ ÌPÍNLẸ̀ TÍ Ẹ̀ Ń GBÉ

Èyí ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fún èèyàn, torí òun ló sábà máa ń rọ àpò lọ́rùn jù. Èkó ní LASHMA, tí ètò rẹ̀ ń jẹ́ Ìlera Èkó. Ọ̀yọ́ ní OYSHIA, Ògùn ní OGSHIA, Ọ̀ṣun ní O-HIS, Èkìtì ní EKHIS, Oǹdó ní ODCHC, Kwara sì ní KWHIA. Ẹ má rò pé ọmọ bíbí ìpínlẹ̀ nìkan ló wà fún. Ibi tí ẹ̀ ń gbé ni wọ́n ń wò.

Èkó ṣe òfin tiẹ̀ ní 2015. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, ₦8,500 lọ́dún ni fún ẹnì kan, ₦40,000 sì ni fún ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà, ìyẹn bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin tí wọn ò tíì pé ọdún 18. Irú owó bẹ́ẹ̀ máa ń yí padà, nítorí náà iye tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ san gan-an ni kí ẹ bèèrè, ẹ má gbọ́kàn lé ohun tí ọ̀rẹ́ yín san lọ́dún méjì sẹ́yìn.

Ohun tó sábà máa ń wà nínú ètò ìpínlẹ̀ ni ìtọ́jú ibà àti táífọ́ọ̀dù, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ìtọ́jú aboyún àti ìbímọ, ìtọ́jú ọmọdé, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, àti àwọn iṣẹ́ abẹ kan. Fún ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le, ìyẹn ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń gbé e dé ọsíbítù.

Àléébù rẹ̀ ni pé inú ìpínlẹ̀ yẹn ni káàdì náà ti ń ṣiṣẹ́ jù. Bí ẹ bá ń sùn ní Mowé tàbí Ìbàfò, ṣùgbọ́n tí ṣọ́ọ̀bù yín wà ní Èkó, ẹ ronú ibi tí àìsàn ti máa ń bá yín. Lóru ni àbí lọ́sàn-án?

2. GIFSHIP TI ÌJỌBA ÀPAPỌ̀

NHIA fúnra rẹ̀ ló ṣe èyí fún ẹnì kan ṣoṣo, ìdílé, tàbí ẹgbẹ́. Ẹ ó forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà NIN yín, ẹ ó san owó ọdún kan, ẹ ó sì mú ọsíbítù kan tí á jẹ́ ojúkò yín.

Ẹni tó máa ń rìnrìn àjò káàkiri ni mo rò pé ó bá mu jù: àwọn tó ń gbé ọjà láti Ìbàdàn lọ sí Àbújá, àwọn olórin, àwọn ayàwòrán ìgbéyàwó. Ètò gbogbo orílẹ̀-èdè ni, ọsíbítù tó wà nínú rẹ̀ kò mọ sí ìpínlẹ̀ kan.

3. HMO ALÁDÀÁNI

Àwọn bíi Hygeia, Reliance, AXA Mansard, Avon àti Leadway wà níbí. Ipele ipele ni wọ́n ń tà á. Bí owó ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọsíbítù tí ẹ lè lọ ń pọ̀ sí i, tí eyín, ojú, àti yàrá àdágbé ń wọ inú rẹ̀. Àwọn kan gbà kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀, àwọn kan sì ní dókítà tí ẹ lè bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù láàárín òru. Fún ẹni tí owó ń wọlé fún lójijì tó tún ń dá lójijì, sísan díẹ̀díẹ̀ yẹn wúlò. Àmọ́ bí ẹ bá gbàgbé oṣù kan, káàdì lè kú mọ́ yín lọ́wọ́.

Nǹkan méjì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Àkọ́kọ́, ẹ rí i dájú pé NHIA fọwọ́ sí HMO náà. Èkejì, ẹ bèèrè iye tí wọ́n lè ná mọ lórí yín lọ́dún kan. Ètò kan lè sọ pé òun ń bójú tó iṣẹ́ abẹ, kó sì jẹ́ pé iye tó yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ abẹ kò tó san ìdajì rẹ̀.

4. NÍPASẸ̀ ẸGBẸ́

Ọ̀nà yìí làwọn èèyàn ń gbójú fò jù. Ẹgbẹ́ aránṣọ, ẹgbẹ́ onígẹ̀rígẹ̀rí, kọpúrétíìfù, ẹgbẹ́ ìjọ tàbí ti mọ́sálásí, gbogbo wọn ló lè kó ara wọn jọ ra a pọ̀. HMO fẹ́ràn èrò. Bí ẹ bá tó ogún tàbí ọgbọ̀n, ẹ lè bá wọn nájà, ẹ sì lè ní kí wọ́n gé àsìkò ìdúró kúrò fún yín. Mo ṣì ń bọ̀ wá sórí ìdúró yẹn.

Kì í ṣe ohun tuntun. Ní 2007, Hygeia àti Health Insurance Fund ti ilẹ̀ Netherlands bẹ̀rẹ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ fún àwọn obìnrin ọjà ní Èkó àti àwọn àgbẹ̀ ní Shonga, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Díẹ̀ làwọn ará ibẹ̀ ń san, owó ìrànwọ́ ló ń san ìyókù. Àwọn onímọ̀ tó ṣe ìwádìí ní Kwara rí i pé ìfúnpá àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ ju ti àwọn tó wà níbi tí ètò náà kò dé. Ẹni tó mọ̀ pé òun ò ní sanwó lẹ́nu ọ̀nà á tètè lọ wo ara rẹ̀.

5. BÍ OWÓ Ò BÁ SÍ RÁRÁ

Òfin ìlera ọdún 2014 dá owó kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní BHCPF. Ó kéré tán, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé sápò ìjọba àpapọ̀ ló yẹ kó máa lọ síbẹ̀. Àwọn tálákà, aboyún, ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún àti àwọn arúgbó ni wọ́n ń wò jù, ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù. Àjọ ìpínlẹ̀ tí mo dárúkọ lókè náà ló ń forúkọ wọn sílẹ̀. Bí ẹ bá ní ìyá àgbà tàbí aboyún tí kò ní olùrànlọ́wọ́ ládùúgbò, ẹ bá wọn bèèrè.

ẸNI TÓ RA NǸKAN MÍÌ

Káàdì ìdílé tí ọsíbítù ń tà fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe adójútòfò. Owó fáìlì ni. Ètò kan tún wà tí wọ́n ń tà lórí fóònù, tó máa ń san iye kan fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá sùn ní ọsíbítù. Ìyẹn dáa, àmọ́ kò lè san owó iṣẹ́ abẹ. Ẹ má fi èyí rọ́pò tọ̀hún.

KÍ LÓ DÉ TÍ WỌ́N FI Ń WO ALÁKÀÁDÌ BÓ ṢE WÙ WỌ́N?

Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ: "Bí o bá mú káàdì HMO dání, nọ́ọ̀sì ò ní dá ẹ lóhùn, ẹni tó mówó wá ni wọ́n á kọ́kọ́ dá lóhùn." Ó máa ń ṣẹlẹ̀, bí owó náà sì ṣe ń rìn wà lára ohun tó fà á.

Fún ìtọ́jú kéékèèké, HMO kì í san owó ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ lọ. Iye kan ni wọ́n ń san fún ọsíbítù lóṣooṣù lórí orí yín, ẹ lọ o, ẹ ò lọ o. Lábẹ́ ètò ìjọba àpapọ̀, ₦750 ni iye náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2025 ni wọ́n tó sọ ọ́ di ₦1,450. Ẹ fojú inú wò ó: bí ẹ bá lọ gba ìtọ́jú ibà lẹ́ẹ̀mejì lóṣù kan, ọsíbítù ti ń fi tiẹ̀ kún un. Owó àwọn tí kò wá rárá ló fi ń dí i. Bí ọsíbítù bá ní èèyàn mẹ́wàá péré lórí ìwé, ẹ máa rí ìfajúro. Bó bá ní ẹgbẹ̀rún méjì, ó ṣeé ṣe kó ti ní tábìlì àti òṣìṣẹ́ tó wà fún alákàáàdì nìkan.

Fún ohun tó bá tóbi, bíi iṣẹ́ abẹ tàbí àyẹ̀wò ńlá, HMO gbọ́dọ̀ fi kóòdù ránṣẹ́ kí ọsíbítù tó bẹ̀rẹ̀. "À ń dúró de kóòdù" ti lé ọ̀pọ̀ aláìsàn padà sílé. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2025, NHIA ti pàṣẹ pé láàárín wákàtí kan ni HMO gbọ́dọ̀ fèsì. Ẹ mọ̀ ọ́n, kí ẹ lè fi pẹ̀lẹ́tù rán wọn létí.

ÌDÚRÓ TÓ MÚ MI

Lẹ́yìn kámẹ́rà, mo sáré ra ètò kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ibà dé. Mo fi ìgboyà gbé káàdì mi kalẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ wo kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ẹ má bínú sà, ẹ ò tíì lè lò ó." Mo san owó lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Mi ò ka ìwé tí wọ́n fún mi, ajẹ́ńtì tó tà á fún mi náà ò sì mẹ́nu bà á.

Àsìkò ìdúró nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ètò ló ní in, kí èèyàn má baà dúró dìgbà tí àìsàn bá dé kó tó sáré rà á. Ó lè tó oṣù kan tàbí méjì fún ìtọ́jú lásán. Ti oyún àti ìbímọ máa ń gùn jù, àwọn HMO aládàáni kan lè ní kí ẹ ti wà lọ́wọ́ àwọn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tó ń ronú àtibímọ lọ́dún tó ń bọ̀, ọdún yìí ni kó rà á.

ÌBÉÈRÈ MÉJE KÍ Ẹ TÓ SANWÓ

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ibi tí ẹ̀ ń gbé ni kí ẹ wò kí ẹ tó mú ètò. Àwọn ìbéèrè mi rèé, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀, ẹ sì gba ìdáhùn lórí ìwé tàbí WhatsApp:

Èwo nínú ọsíbítù yín ló sún mọ́ ilé mi jù, ṣé wọ́n sì ń ṣí lóru?

Ọjọ́ wo gan-an ni káàdì mi máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, fún ìtọ́jú lásán, fún iṣẹ́ abẹ, àti fún ìbímọ?

Kí ni kò sí nínú rẹ̀? Ẹ dárúkọ nǹkan fún wọn: àpẹ́ńdíìsì ńkọ́? Iṣẹ́ abẹ ìbímọ ńkọ́? Fífọ kíndìnrín ńkọ́? Jẹjẹrẹ ńkọ́?

Àìsàn tí mo ti ní tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ẹ má fi í pamọ́ fún wọn. Bí wọ́n bá rí i lẹ́yìn, wọ́n lè lò ó láti kọ̀ yín.

Èló lẹ lè ná mọ lórí mi lọ́dún, ṣé èmi náà máa san lára owó oògùn?

Bí mo bá wà ní ìlú míì tí jàǹbá ṣẹlẹ̀, kí ni kí n ṣe?

Ọjọ́ orí wo lẹ fi mọ? Èyí ṣe pàtàkì bí ẹ bá ń rà á fún ìyá tàbí bàbá yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe: ẹ rìn lọ sí ọsíbítù yẹn kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ bèèrè níbi tí wọ́n ti ń gba fáìlì bóyá wọ́n ṣì ń gba ètò yẹn. Orúkọ ọsíbítù lè wà lórí ìwé HMO, kí wọ́n ti jà láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn nítorí gbèsè. Ẹ wo àwọn alákàáàdì tó jókòó síbẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè. Wọ́n á sọ òótọ́ fún yín ju ajẹ́ńtì lọ.

BÍ WỌ́N BÁ KỌ̀ YÍN

Bó bá jẹ́ pàjáwìrì, ẹ mọ èyí: Abala 20 nínú òfin ìlera ọdún 2014 sọ pé ọsíbítù tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kankan kò gbọdọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tó wà ní pàjáwìrì, ìdí yòówù kó jẹ́. Ìtanràn ₦100,000, ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì ni ìjìyà rẹ̀. Òfin náà ò sọ pé ọ̀fẹ́ ni o, wọ́n á ṣì gbé owó wá. Àmọ́ ìtọ́jú ló yẹ kó ṣáájú. Mi ò mọ òfin yìí lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbé kámẹ́rà kiri.

Bó bá sì jẹ́ pé káàdì yín ni wọ́n kọ̀, ẹ pe HMO látibi tí ẹ dúró sí, ẹ gba orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn, ẹ kọ aago tí ẹ pè sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ sanwó ná, ẹ gba rìsíìtì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ̀wé sí àjọ ìpínlẹ̀ yín tàbí NHIA. Ẹjọ́ tí kò ní rìsíìtì máa ń ṣòro láti rò.

ÈWO NI MO MÚ?

Ètò ìpínlẹ̀ ni mo wà lórí rẹ̀ báyìí. Ọsíbítù tí mo yàn ò lẹ́wà, ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ ń pariwo, ẹ máa jókòó dáadáa kó tó kàn yín. Àmọ́ mo lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ń ṣí lóru, mo sì ti bèèrè nípa àpẹ́ńdíìsì àtàwọn ẹbí rẹ̀ kí n tó sanwó. Mo tún ní àjọ kékeré kan lọ́tọ̀ fún ohun tí káàdì ò ní san. Ètò olówó kékeré tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí ilé sàn fún mi ju ètò ńlá tí ọsíbítù rẹ̀ wà ní òdìkejì bíríìjì lọ.

Tiyín lè yàtọ̀. Ẹni tó ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta á ro tiẹ̀ lọ́tọ̀, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru á ro tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín: ìgbà tí ara yín le ni kí ẹ rà á. Ẹ bá mi fi èyí ránṣẹ́ sí ọ̀gá ara ẹni kan tẹ́ ẹ mọ̀, pàápàá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Káàdì tiẹ̀ ti lè kú báyìí, kó má sì mọ̀.